Èsì MRI ọrùn mi rèé, ta ló lè bá mi tú u?

Aránṣọ Kúbwá, Ọjọ́ Ajé, 8:12 alẹ́

Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin ará wa tó wà ní Àbújá àti gbogbo Òkè Ọya. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ yìí.

Ẹni ọdún 46 ni mí, aránṣọ ni mí ní Kúbwá. Ó pẹ́ tí ọrùn ti ń dùn mí, mo kàn ń fi róòbù pa á, mo ń bá iṣẹ́ mi lọ. Ṣùgbọ́n láti ìgbà Iléyá, ọ̀rọ̀ ti kúrò ní ti ọrùn nìkan. Ìrora yẹn á gba èjìká ọ̀tún, á sọ̀ kalẹ̀ sí apá, àtàǹpàkò àti ìka ìlábẹ̀ á wá kú. Bí mo bá fẹ́ ki òwú bọ ojú abẹ́rẹ́, àfi kí n máa wo ọwọ́ mi kí n tó mọ̀ pé abẹ́rẹ́ ṣì wà níbẹ̀.

Dókítà tó rí mi ní kí n lọ ṣe MRI, ẹ̀rọ tó ń ya àwòrán inú ara, mo sì ṣe é. Wọ́n fún mi ní CD kan àti ìwé, wọ́n ní kí n gbé e padà fún dókítà. Ọjọ́ tí wọ́n dá fún mi ṣì jìnnà. Inú mọ́tò ni mo ti ṣí ìwé náà. Bó ṣe wà níbẹ̀ ni mo ṣe dà á kọ yìí:

"Loss of normal cervical lordosis. Multilevel disc desiccation, C3/C4 to C6/C7. Posterior disc-osteophyte complex at C5/C6 indenting the thecal sac, with moderate narrowing of the right neural foramen. No abnormal cord signal. Impression: cervical spondylosis."

Ọmọ mi fi wá a lórí Google, ó ní eegun ọrùn mi ló ń jẹrà. Aládùúgbò mi ní ohun tó sọ ẹ̀gbọ́n òun di arọ gan-an nìyẹn. Oorun ò kun ojú mi mọ́. Ṣé mo máa rọ ni? Ṣé kí n dá iṣẹ́ dúró?


Bàbá Súlè Màràràbá, 8:40 alẹ́

Ẹ pẹ̀lẹ́, ìyá. Òyìnbó inú ìwé lásán ló ń bà yín lẹ́rù. Omi tí a fi orí rù ní kékeré ló ń gbẹ̀san lára gbogbo wa. Bàbá kan wà lẹ́yìn ọjà Màràràbá níbí, ó ń to eegun, mai ɗori ni àwọn Hausa ń pè é. Á di àgbọ̀n yín mú, á yí orí yín sọ́tùn-ún lẹ́ẹ̀kan, ẹ ó gbọ́ "kàú", ó parí. Onígbàjámọ̀ tèmi gan-an máa ń ṣe é fún mi bó bá ti fá mi lórí tán, ara á sì tù mí fún ọjọ́ mélòó kan. Ẹ wá fi àgbo ara ríro tì í lẹ́yìn.


Físíò Gwarinpa, 9:25 alẹ́

Bàbá Súlè, mo kí yín sà, ṣùgbọ́n ìmọ̀ràn yìí léwu. Iṣẹ́ físíò, fífi ìdárayá àti ọwọ́ tọ́jú ara, ni mò ń ṣe nílùú yìí. Ohun tó ń dún "kàú" yẹn kì í ṣe eegun tó padà sí àyè rẹ̀, atẹ́gùn inú oríkèé ló ń dún. Iṣan ẹ̀jẹ̀ méjì ló gba inú ihò ara eegun ọrùn lọ sí ẹ̀yìn ọpọlọ. Bí wọ́n bá yí orí èèyàn lójijì, inú iṣan yẹn lè ya, ẹ̀jẹ̀ á dì síbẹ̀, á sì ṣí lọ dí ọpọlọ. Rọpárọsẹ̀ nìyẹn. Kì í ṣẹlẹ̀ lójoojúmọ́, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ṣẹlẹ̀ sí ò ní sọ pé ó ṣọ̀wọ́n. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ tún ti ń kú, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni yí i lọ́rùn.

Mọ́mì, ẹ jẹ́ kí n tú ìwé yẹn díẹ̀díẹ̀.

Eegun ọrùn jẹ́ 7, C1 lókè, C7 nísàlẹ̀. Láti C2 lọ sísàlẹ̀, dísìkì kan wà láàárín eegun kan àti èkejì, tìmùtìmù tí kì í jẹ́ kí eegun ha eegun. C5/C6 ni èyí tó wà láàárín ìkarùn-ún àti ìkẹfà. Òun àti C6/C7 ló sábà máa ń kọ́kọ́ gbó lára èèyàn, torí ọrùn ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ gan-an.

"Loss of lordosis": ó yẹ kí ọrùn tẹ̀ síwájú díẹ̀, tiyín nà gbọnrangandan lọ́jọ́ tí wọ́n yà á. Bí ẹran ọrùn bá le nítorí ìrora, tàbí nítorí bí wọ́n ṣe tẹ́ yín sínú ẹ̀rọ, ó lè rí bẹ́ẹ̀. Èmi kì í ka ìyẹn sí.

"Desiccation": omi inú dísìkì ti ń gbẹ. Kì í ṣe pé ó ń jẹrà. Ẹ bá mi sọ fún ọmọ yín.

"Disc-osteophyte": dísìkì ti wú síta, eegun sì ti hu etí kéékèèké sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. "Thecal sac" ni àpò omi tí nẹ́fù ńlá tó ti inú ọpọlọ wá wà nínú rẹ̀. Ìwé ní ó tẹ àpò, kò ní ó tẹ nẹ́fù ńlá inú àpò.

"Right neural foramen" ni ihò apá ọ̀tún tí nẹ́fù ń gbà jáde lọ sí apá. Ó ti fún níwọ̀nba. Ibí yìí ló kàn yín jù, torí nẹ́fù tó ń gba C5/C6 jáde, C6 ni, àtàǹpàkò àti ìka ìlábẹ̀ ló sì ń bá lọ. Ohun tí ẹ sọ àti ohun tí ìwé sọ bára mu.

"No abnormal cord signal": nẹ́fù ńlá yẹn ò ní àpá kankan. Bí mo bá jẹ́ ẹ̀yin, ìlà yìí ni mo máa kà kí n tó sùn lálẹ́ òní. "Cervical spondylosis" tó wà nísàlẹ̀ kàn jẹ́ orúkọ tí wọ́n fi kó gbogbo rẹ̀ pọ̀: dísìkì àti eegun ọrùn ti ń gbó.

Ẹ wá dá mi lóhùn. Ṣé ẹsẹ̀ yín ń wúwo, àbí ẹ ń ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́ bí ẹ bá ń rìn? Ṣé ìtọ̀ tàbí ìgbẹ́ ń yọ́ bọ́ lára yín? Bí ẹ bá tẹ orí wálẹ̀, ṣé nǹkan máa ń gbọ̀n yín láti ọrùn lọ sí ẹ̀yìn tàbí ẹsẹ̀? Ṣé ẹ ń rù, ṣé ibà ń mú yín lóru? Ṣé ẹ ṣubú?


Tísà Minna, 9:51 alẹ́

Físíò ti sọ ọ́ dáadáa. Ohun tí mo fẹ́ fi kún un ni pé ìwé MRI yìí, ká ní gbogbo wa tó wà níbí lọ ṣe é, ṣàṣà lẹni tí wọn ò ní kọ nǹkan fún. Ní 2015, àwọn dókítà ní Japan gbé èsì ìwádìí jáde lórí àwọn èèyàn 1,211 tí ọrùn ò dùn wọ́n, tí ọwọ́ ò kú wọn. Nínú 100, ó lé ní 87 tí dísìkì wọn ti wú síta. Àwọn ọ̀dọ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ lé lógún ọdún pàápàá, nínú mẹ́rin, bíi mẹ́ta ló ní i.

Èmi náà ní i, mo ṣe MRI lẹ́yìn ìjàm̀bá mọ́tò kan lójú ọ̀nà Suleja. C4/C5, C5/C6, gbogbo ẹ̀ ló wà níbẹ̀. Ọrùn ò sì dùn mí títí dòní. Nítorí náà, owó MRI yẹn, lójú tèmi, owó tí wọ́n gbà lọ́wọ́ yín lásán ni.


Ọmọ Ọ̀ffà ní Kano, 10:30 alẹ́

Ẹ̀yin ará, ẹ rọra. Ẹ má fi "kò sí nǹkan" pa ẹlòmíì.

Sábó ní Kano níbí ni bàbá mi ti ń ta pròfísọ̀n láti ìgbà tí a ti wà ní kékeré. Ọrùn ò dùn wọ́n rí. Ohun tí a kọ́kọ́ rí ni pé bọ́tìnnì kaftan di ogun fún wọn. Ìyá wa ló ń bá wọn dè é. Lẹ́yìn náà, sílípáàsì á bọ́ lẹ́sẹ̀ wọn láàárín ṣọ́ọ̀bù, wọ́n á máa lọ, wọn ò ní mọ̀ pé ẹsẹ̀ kan ti ṣófo. A ní ọjọ́ ogbó ni. Àwọn kan ní ayé ló fẹ́ fi wọ́n ṣẹ̀sín. Ọsibítù kan ń fún wọn ní fítámì, òmíràn ní orúnkún ni, wọ́n gún wọn lábẹ́rẹ́ sí orúnkún. Kò sẹ́ni tó wo ọrùn.

Nígbà tí dókítà kan wá fi òòlù kékeré lu orúnkún wọn, ẹsẹ̀ fò sókè gan-an. Òun ló ní kí a lọ ya MRI ọrùn, kì í ṣe ti ẹ̀yìn. Dísìkì àti eegun ti fún nẹ́fù ńlá náà pa, àpá funfun sì ti wà nínú rẹ̀. Wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún wọn. Dókítà sọ fún wa kí wọ́n tó wọlé pé iṣẹ́ abẹ yẹn wà láti dá a dúró kó má burú sí i, pé ohun tó ti lọ lè má padà tán. Ọ̀pá ni bàbá fi ń rìn báyìí, ṣùgbọ́n wọ́n ń rìn.

Tísà, bí kò bá sí MRI, a ò bá ṣì máa ra fítámì.


Tísà Minna, 10:38 alẹ́

Ọlọ́run á túbọ̀ wo bàbá sàn. Ti bàbá yàtọ̀ sí ti màmá yìí, òun ni mo ń wí.


Ayàwòrán Jabi, Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 6:55 àárọ̀

Ẹ kú àárọ̀ o. Ìdí ẹ̀rọ MRI ni mo máa ń wà, mo fẹ́ tún ọ̀rọ̀ méjì ṣe.

Tísà, ìwádìí Japan tí ẹ sọ yẹn, ẹ kà á parí. Nínú àwọn èèyàn kan náà, àwọn tí nẹ́fù ńlá wọn fún pọ̀ ò tó 6 nínú 100, àwọn tó ní àpá nínú rẹ̀ ò tó 3. Ìdí nìyí tí kò fi yẹ ká kó gbogbo ìlà inú ìwé papọ̀. Dísìkì tó gbẹ, tó wú díẹ̀, ó pọ̀ nígboro. Nẹ́fù ńlá tó fún pọ̀ ò pọ̀.

Ìkejì, ẹni tó kọ ìwé yẹn ò rí màmá. Fíìmù ló wò, àti ìwé kékeré tí dókítà fi rán wọn wá, tó jẹ́ pé "neck pain" péré ló máa ń wà níbẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà. Kò mọ̀ pé àtàǹpàkò ń kú. Ó ní láti kọ gbogbo ohun tó bá rí, bó ṣe ń dunni àti bí kò ṣe dunni. Dókítà tó máa fọwọ́ kàn yín ló lè mọ èyí tó ń jà nínú wọn.

Ẹ mú CD yẹn lọ o, ẹ má mú ìwé nìkan. Dókítà iṣẹ́ abẹ tó mọṣẹ́ máa ń fẹ́ fojú ara rẹ̀ rí i. Ẹ̀rọ tún yàtọ̀ síra: èyí tí agbára mágnẹ́ẹ̀tì rẹ̀ jẹ́ 1.5 Tesla máa ń yàwòrán tó mọ́ ju àwọn kéékèèké tí ẹ̀gbẹ́ wọn ṣí sílẹ̀ lọ, bí èèyàn bá sì mira nínú rẹ̀, àwòrán á bàjẹ́. Bí ìwé bá sọ pé àyè tí nẹ́fù ńlá ń gbà nínú ọrùn ti fún, ẹ bi wọ́n pé ó ku mílímítà mélòó. Lára àgbàlagbà, ó máa ń tó bíi 17. Bó bá wálẹ̀ kọjá 10, wọn kì í fi ṣeré.


Ìyá Ìbejì Lugbe, 8:20 àárọ̀

Kọ́là ọrùn ni ẹ lọ rà, ẹ̀gbọ́n mi. Èyí tó rọ̀, tí wọ́n fi fóòmù ṣe. Mo lò ó fún ọrùn tèmi, tọ̀sán tòru, mo gbádùn rẹ̀. Ìgbà tí mo bá wọ mọ́tò gba ojú ọ̀nà Nyanya tó kún fún gálọ́ọ̀pù ni mo máa ń mọ rírì rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ṣé ó dájú pé ọrùn ni? Nígbà tí mo lóyún, àtàǹpàkò, ìlábẹ̀ àti ìka àárín náà ń kú fún mi, wọ́n ní nẹ́fù ọrùn ọwọ́ ló há.


Aránṣọ Kúbwá, 1:05 ọ̀sán

Ẹ ṣeun, ẹ ṣeun, ẹ ṣeun. Mo sùn díẹ̀ lánàá.

Físíò, ẹsẹ̀ mi ò wúwo, ìtọ̀ ò yọ́ bọ́, n ò ṣubú, n ò rù, èmi ì bá tiẹ̀ rù díẹ̀. Mo ṣì ń de bọ́tìnnì mi fúnra mi. Ohun tí mo ṣàkíyèsí ni pé bí mo bá wo òkè, bóyá mo fẹ́ mú nǹkan lórí kọ́bọ́ọ̀dù, tàbí mo yí ojú sọ́tùn-ún, ọwọ́ á bẹ̀rẹ̀ sí í ta mí ṣínṣín. Kódà bí mo bá kírun tán tí mo fẹ́ sálámà sọ́tùn-ún, mo ti mọ̀ pé yóò gbá mi.

Ẹ máa rẹ́rìn-ín o: ohun kan ṣoṣo tó máa ń mú un rọlẹ̀ lóru ni pé kí n gbé ọwọ́ ọ̀tún lé orí. Mọ́mì mi tó wà lọ́dọ̀ mi jí, wọ́n bá mi bẹ́ẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì, wọ́n pariwo, "Ta ló kú? Ta ló ní kó o káwọ́ lérí lóru?" Wọ́n ní kí n sọ̀ ọ́ kalẹ̀ kíá, kí n má fi ọwọ́ ara mi pe ohun tí kò sí. Láti ìgbà náà, mo máa ń dúró kí wọ́n sùn lọ.

Ìyá Ìbejì, ọwọ́ òsì ò ṣe nǹkan kan o, ọ̀tún nìkan ni, láti ọrùn ló sì ti ń wá.


Físíò Gwarinpa, 2:10 ọ̀sán

Mọ́mì, ẹ bá mi bẹ ìyá àgbà, ọwọ́ tí ẹ gbé lérí yẹn kì í ṣe àmì ibi. Bí ẹ bá gbé apá sókè bẹ́ẹ̀, nẹ́fù tí wọ́n ń fà máa ń dẹ̀, ìrora á sì rọlẹ̀. Ohun tí àwa gan-an máa ń bi aláìsàn nìyẹn. Bí wíwo òkè àti yíyí sọ́tùn-ún ṣe ń bí i nínú, ó ń tọ́ka sí ihò C5/C6 yẹn náà.

Ìyá Ìbejì ò sọ̀sọkúsọ. Nẹ́fù tó há sí ọrùn ọwọ́ máa ń pa àtàǹpàkò, ìlábẹ̀ àti ìka àárín, ó máa ń jí èèyàn lóru, èèyàn á máa gbọn ọwọ́ nù. Àwọn aránṣọ máa ń ní i, àwọn tó ní ìtọ̀ ṣúgà náà. Ẹlòmíì ní méjèèjì pọ̀. Ṣùgbọ́n ìyẹn kì í mú ọrùn àti èjìká báyìí, yíyí orí kì í sì í tanná ràn án. Kí dókítà ṣáà wò ó.

Lórí kọ́là ni n ò gbà. Ọjọ́ díẹ̀ nígbà tí ìrora bá le gan-an, kò burú. Tọ̀sán tòru fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀, ẹran ọrùn á di ọ̀lẹ, ọjọ́ tí ẹ bá bọ́ ọ, ẹ ó rí i.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ ṣe kí ọjọ́ dókítà tó pé: ẹ má dá iṣẹ́ dúró, ẹ tún ìjókòó yín ṣe. Tábìlì máṣíìnì àwa ní Nàìjíríà ti wálẹ̀ jù. Ẹ fi búlọ́ọ̀kù tàbí pákó gbé e sókè títí aṣọ yóò fi sún mọ́ àyà yín, kó má jẹ́ pé ọrùn ló ń lọ bá aṣọ. Iṣẹ́ ọwọ́, bíi lílẹ́ òkúta mọ́ léèsì, ẹ gbé e lé ìrọ̀rí lórí ẹsẹ̀. Ẹ dìde ní gbogbo ìdajì wákàtí. Fóònù, ẹ má fi èjìká há a sí etí mọ́ láéláé.

Ẹ jókòó gbọnrangandan, kí ẹ fa àgbọ̀n sẹ́yìn títí ọrùn yóò fi ká níwájú, láìwo òkè, láìwo ilẹ̀. Ẹ ka ení dé àrún, kí ẹ dẹ̀ ẹ́. Ìgbà mẹ́wàá láàárọ̀, mẹ́wàá nírọ̀lẹ́. Bí ìrora bá ń sá padà láti ọwọ́ lọ sí èjìká, ó ń dára nìyẹn, kódà bí ọrùn bá ń ro. Bó bá ń sọ̀ kalẹ̀ lọ sí ìka, ẹ dáwọ́ dúró.


Oníkẹ́míìsì Wuse, 4:45 ìrọ̀lẹ́

Ẹ kò tíì bá a sọ̀rọ̀ oògùn. Àwọn èèyàn ń wọ ṣọ́ọ̀bù mi lójoojúmọ́ pé "ẹ fún mi ní díkílò abẹ́rẹ́". Diclofenac àti ibuprofen máa ń gbé ẹ̀jẹ̀ ríru sókè, wọ́n ń ba kíndìnrín jẹ́, wọ́n sì ń dá egbò sí ikùn. Fún ọjọ́ díẹ̀, lẹ́yìn oúnjẹ, fún ẹni tí kò ní àwọn àìsàn wọ̀nyí, ó lè dára. Ẹ má sọ ọ́ di àṣà. Ìrora nẹ́fù gan-an kì í fi bẹ́ẹ̀ gbọ́ tiwọn, ìdí nìyí tí dókítà fi máa ń kọ pregabalin tàbí amitriptyline. Ìyẹn ń kun èèyàn lóorun o. Ẹ má mu ún kí ẹ tó jókòó sídìí máṣíìnì oníná, alẹ́ ni kí ẹ kọ́kọ́ fi dán an wò.

Bàbá Súlè, àgbo ara ríro inú ike tó máa ń ṣiṣẹ́ ní wákàtí kan yẹn, ẹ máa fura sí i. Àwọn kan ń lọ dexamethasone mọ́ ọn, oògùn òyìnbó alágbára tí wọ́n ń pè ní dẹ́sà. Ara á fúyẹ́, ojú á wú, ṣúgà á ròkè. Ẹni tó bá sì ti ń mu ún tipẹ́, kó má ṣẹ́ ẹ lójijì, kó lọ rí dókítà.


Bàbá Súlè Màràràbá, 5:30 ìrọ̀lẹ́

Mo ti gbọ́ ti ọrùn yíyí, mo ti sọ fún onígbàjámọ̀ mi pé irun nìkan ni kó máa fá. Ti àgbo, ẹ jẹ́ ká máa wò ó. Ìyàwó mi ló ń se tèmi, ewé àti egbò ló wà níbẹ̀, n ò rí dẹ́sà kankan nínú ìkòkò.


Alfa Tudun Wada, Kaduna, 7:15 alẹ́

Ìyá, ẹ̀sìn ò fi dandan ni yín lára. Bí rùkúù àti ìforíkanlẹ̀ bá ń mú ọwọ́ kú, ẹ jókòó sórí àga, kí ẹ fi orí júwe. Bí sálámà bá ń dunni, ìwọ̀nba tí ọrùn bá lè yí tó náà tó.


Òṣìṣẹ́ Ìjọba Garki, 9:02 alẹ́

Ṣé ẹ ní NHIA, ètò adójútòfò ìlera ti ìjọba àpapọ̀? Bí ọkọ yín bá ń ṣiṣẹ́ ìjọba àpapọ̀, orúkọ yín lè wà níbẹ̀. Ẹ padà sí ọsibítù tí ẹ fi orúkọ sílẹ̀ sí, kí wọ́n gba kóòdù lọ́wọ́ HMO, ilé-iṣẹ́ tó ń bójú tó owó ìtọ́jú yín, kí wọ́n tó darí yín lọ sí ibi tó tóbi jù, físíò náà wà nínú rẹ̀. Ẹni tó bá kọ́kọ́ lọ fúnra rẹ̀, tó wá padà mú rìsíìtì wá, á ti owó rẹ̀ jìnnà. Èyí tó máa ń bí mi nínú ni kí wọ́n ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò sí, kí o padà wá lọ́la. Ẹ jókòó tì wọ́n.


Aránṣọ Kúbwá, lẹ́yìn ìgbà tó rí dókítà

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Mo ti rí dókítà eegun.

Kò tíì ka ìwé tó fi ní kí n bọ́ bàtà. Ó ní kí n rìn lórí ìlà táìlì, kí gìgísẹ̀ máa kan orí ìka ẹsẹ̀ kejì. Ó fi òòlù lu ìgbọ̀nwọ́ àti orúnkún mi, ó ta èékánná ìka àárín mi wò bóyá àtàǹpàkò yóò mira, kò mira. Ó tẹ orí mi sí ọ̀tún, ó rọra tẹ̀ ẹ́ wálẹ̀, mo kígbe. Ó ní, "Ó tó, mo ti rí i." Ìgbà yẹn ló tó ki CD bọ kọ̀ǹpútà.

Ó ní nẹ́fù C6 ló ń bínú, pé nẹ́fù ńlá ò ní nǹkan kan. Ó ní ọ̀pọ̀ irú rẹ̀ máa ń rọlẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ sí oṣù mélòó kan láìsí iṣẹ́ abẹ, eegun tó hu etí ò ní padà sẹ́yìn, ṣùgbọ́n nẹ́fù lè yé bínú. Oògùn alẹ́, físíò, kí n padà wá lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Bí agbára apá bá bẹ̀rẹ̀ sí í lọ, tí n ò lè gbé ife mọ́, tàbí ẹsẹ̀ bá kọ́ mi, kí n má dúró de ọjọ́. Ó ní ìgbà yẹn ni ọ̀rọ̀ iṣẹ́ abẹ tó lè délẹ̀.

Mo ti gbé máṣíìnì sókè. Ọmọ iṣẹ́ mi tó kúrú ń ráhùn pé òun ò débẹ̀ mọ́, mo wá àpótí fún un. Ìka ìlábẹ̀ ti ń mọ abẹ́rẹ́ díẹ̀díẹ̀, àtàǹpàkò ò tíì gbà.


Ìyá Ìbejì Lugbe

A dúpẹ́ o. Kọ́là mi ṣì wà níbẹ̀ bí ẹ bá fẹ́ yá a. Físíò, ẹ má bínú.


Akẹ́kọ̀ọ́ Zaria

Ẹ jọ̀ọ́, mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yìí láti ìbẹ̀rẹ̀. Bàbá mi wà ní Sábó ní Zaria níbí. Ọrùn ò dùn wọ́n, ṣùgbọ́n ife tíì ti bọ́ lọ́wọ́ wọn léraléra, wọ́n sì ń di ògiri mú rìn láti bí oṣù kan. Wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ ríru ni. Ṣé kí n kọ́kọ́ wá físíò fún wọn ni?


Ọmọ Ọ̀ffà ní Kano

Àbúrò, rárá. Má ṣe físíò, má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ pa wọ́n lọ́rùn. Gbé wọn lọ sí ọsibítù yunifásítì tó wà ní Shika láàárọ̀ ọ̀la. Bí ẹ bá fẹ́ wá sí Kano, Dala ni ọsibítù eegun ìjọba àpapọ̀. Sọ ti ife fún dókítà, sọ ti ògiri, má bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀jẹ̀ ríru, torí ibẹ̀ ni wọ́n á dúró sí. Ní kí wọ́n fi òòlù lu orúnkún wọn. Mo ti fi nọ́ńbà mi ránṣẹ́ sí ọ ní kọ̀rọ̀, pè mí bí ẹ bá ti dé ẹnu géètì.


Físíò Gwarinpa

Òótọ́ ló sọ. Kí wọ́n má gun ọ̀kadà lọ o, ẹ wá mọ́tò.